Ohun Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Fọ́tò

"Gbájúẹ̀ lò ń ṣe nínú ilé mi!"

Ìyá onílé ti já wọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan l'Agbowó. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dúdú kirikiri, kìkì lẹ́tà funfun.

"Rárá o, Mọ́mì. Búráúsà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Kì í gbé fọ́tò wá, ohun tí wọ́n kọ pamọ́ sábẹ́ fọ́tò nìkan ló máa ń gbé wá. Kì í jẹ dátà."

"Irọ́ lò ń pa! Ó dáa, ṣí ojú ewé ẹgbẹ́ tí ọkọ mi jẹ́ alága rẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ ṣí i. Ìyá onílé mọ ojú ewé ọ̀hún bí ẹni mowó: fọ́tò ọkọ rẹ̀ àti obìnrin tí ọkọ náà pè ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ló jókòó sáyè fọ́tò:

"Alága wa àti ìyàwó rẹ̀, Ẹnìtàn."

"Ẹ ò rí i, Mọ́mì? Ẹ̀yin gan-an rèé!"

Ìyá onílé fìdí kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Olúkẹ́mi," ó ní, "Olúkẹ́mi lorúkọ tèmi."