Ọjọ́ Ìwẹsẹ̀ ní Thames View

Agbábọ́ọ̀lù náà ki ẹsẹ̀ òsì bọ inú bàsíà, ó fi ọ̀tún pamọ́ fún iṣẹ́ tó gbé e wá sí ìjọ Aládùúrà yìí. Wòlíì Jésùfẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń wẹsẹ̀ fún un.

Ilé Yorùbá ni wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù náà sí ní Houston. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ló gbá láàárín pápá nígbà tó dé Dagenham ní London. Nínú ẹ̀kẹta ni Jésùfẹ́mi, tí kò tíì di wòlíì, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kejì, fò lé e, tí egungun ojúgun òsì rẹ̀ sì ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Rẹfirí ní bọ́ọ̀lù ló gbá. Ọdún mẹ́fà rèé.

Ọwọ́ wòlíì kan àpá tó wà lójúgun òsì náà, ó dúró.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni."

"Mo purọ́ fún rẹfirí. Mi ò tiẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ẹ ni mo ń wá."

Agbábọ́ọ̀lù náà fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ó sì fi gbogbo agbára ọdún mẹ́fà gbá a lẹ́nu. Eyín méjì já sínú bàsíà.

"Jésù o!" Àwọn obìnrin figbe ta, àwọn ọkùnrin sáré bọ̀.

Wòlíì nawọ́ dá wọn dúró. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó da omi pupa náà nù, ó bu tuntun, ó tún kúnlẹ̀.

"Ó ku ọ̀tún," ó ní. "Gbé e wá. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i."