Olè Ti Jọ̀wọ́ Ara Rẹ̀, Gideon Ṣì Gbé Àdá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ìwọ tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ, kà á tán kí o tó fi ránṣẹ́, kí o má baà rò pé mo ní kí o máa wo olè níran. N kò sọ bẹ́ẹ̀ o.

1.
Gideon àgbẹ̀ àti Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Òsì. Gideon lẹ́nu: "Olè tó bá wọlé mi kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbídùnní dúró ti ọmọ wọn tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ń gúnyán lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìdófìn, Tọ̀mídé, já ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú àdá.

"Ìyá, ẹ dákẹ́. Fóònù dà?"

"Ta ni ìyá rẹ? Ìyá tó bí ọ mọ̀ pé ibí lo wà?"

Ó gbé àdá sókè. Ìbídùnní fi ọmọ odó gbá a lọ́wọ́. Àdá bọ́, olè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un! Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Gba ara rẹ, gba ọmọ rẹ, gba ilé rẹ, níwọ̀n ìgbà tí ewu bá ṣì wà níwájú rẹ.

2.
Bí Gideon ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gbọ́, ó he àdá olè nílẹ̀.

"Ó ti sá, fi í sílẹ̀," ni Ìbídùnní wí.

"Kí gbogbo Òsì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ó lé e bá ní ojú títì. Tọ̀mídé ti kúnlẹ̀, ó nawọ́ méjèèjì sókè. "Bàbá, mo ti jọ̀wọ́ ara mi. Ẹ dè mí."

Àwọn ènìyàn ní kí wọ́n dè é, kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Gideon bẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Ní kóòtù, adájọ́ ní, "Olè ni lóòótọ́, ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ náà ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti kúnlẹ̀, ewu wo ló tún fi wu ọ́?" Bí Gideon ṣe wọ ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

3.
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdájọ́, ẹbí Tọ̀mídé dé sí ilé Ìbídùnní. Ayọ̀rìndé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Ìbídùnní fún wọn lómi.

"A ò ní kúrò níbí," ni Ayọ̀rìndé wí, "àfi tí o bá kúnlẹ̀, kí o ní ìwọ náà jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ wa."

Wọ́n fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kí ọlọ́pàá lè wá mú òun náà. Ta ni yóò wá tọ́jú ọmọ?

"Bàbá, mo bá yín kẹ́dùn ẹsẹ̀ ọmọ yín. Ohun tí ọkọ mi ṣe burú, ó sì ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yín bá tún gbé àdá wọ ilé ìdáná mi lọ́la, màá tún gbá a."

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò bẹ̀rù?"

"Mo ń bẹ̀rù, sà. Ẹ̀rù ò ní kí n purọ́ mọ́ ara mi."

Wọ́n jókòó títí di òru, òun náà jókòó kọjú sí wọn, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń hanrun, Ìbídùnní ní, "Ẹ bá mi gbé orí wọn kúrò lára ògiri, kí ọrùn má baà dùn wọ́n."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ayọ̀rìndé gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n sì lọ láì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ìwọ tí o kà á, má dọ̀bálẹ̀ fún olè. Jà! Ṣùgbọ́n bó bá ti sá, tàbí tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, dá ọwọ́ rẹ dúró. Bí a bá lé ni tí a ò bá ni, ìwọ̀n là ń bá ni ṣọ̀tá mọ. Bí a sì lé ni bá, ìwọ̀n náà ni.