Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Åshild Jẹ́wọ́

Gudveig tún ti kúnlẹ̀ nílé àdúrà, ó ń fomijé jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìlara tó ń jẹ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Åshild àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ó ń mu kọfí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde jàre. Èmi jẹ́wọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan, Jésù dárí jì mí, ó parí. Mo ń sùn, mo ń hanrun."

Inú Gudveig ń ta á bí ata. Kí ló dé tí ọkàn tiẹ̀ ò lè balẹ̀ báyìí?

Eivind gbọn yìnyín lára, ó wọlé.

"Ìyàwó mi, ó yá, ká máa lọ."

Åshild ni Eivind ń pè. Títí di èṣín, Gudveig ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Gudveig dìde.

"Åshild, Ọlọ́run lo bẹ̀. Èmi tó o gbọkọ lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Kọfí dà sí Åshild lára.