Àgbo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé àgbo tí a bá dárúkọ ewé inú rẹ̀ fún ẹlòmíràn kò ní jẹ́ mọ́? Títí di òní, n kò rí ẹni dá mi lóhùn.

Ìyá àgbà Àwẹ̀ró, tó bí ìyá mi, gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Nílé wa ní Ìkìrun, nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn atalẹ̀ tó ń hó lórí ààrò ni í jí mi láràárọ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ lónìí, ara mi a padà sí ilé ìdáná yẹn. Ìyá àgbà láàánú, àmọ́ àṣírí rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára nílé ìwòsàn ń mú kókó náà súnkì, ṣùgbọ́n èébì kò jẹ́ kó jẹun, ló bá ń mu àgbo mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń mu nǹkan mìíràn nílé. Ó ní omi lásán ni. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Dókítà ní bí àwọn kò bá mọ ohun tó fà á, àwọn yóò dá oògùn dúró. Gbogbo ilé mọ̀ pé ikú nìyẹn. Síbẹ̀, ìyá àgbà panu mọ́.

Orogún rẹ̀, Ìyá Adéọtí, ló gbé ìkòkò àgbo náà rù lọ sílé ìwòsàn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì.

“Ìyáálé mi ní omi lásán lòun ń mu. Omi náà rèé, ó ní gbòǹgbò. Èmi kò dárúkọ ewé kankan o.”

Wọ́n tú u wò. Dókítà ní atalẹ̀ díẹ̀ kò burú, ó lè dín èébì kù, ṣùgbọ́n kó jáwọ́ nínú àwọn gbòǹgbò kíkorò yòókù, kí wọ́n má baà máa dá kún iṣẹ́ ẹ̀dọ̀.

“Ìyàwó, o ti ba oògùn mi jẹ́,” ni ìyá àgbà wí.

“Ẹ máa bínú sí mi, ìyáálé mi. Ẹni tó bá wà láyé ló ń bínú.”

Ìyá àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bọ̀ sípò, tí wọ́n sì fa oògùn náà parí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì ló jọ ń gún atalẹ̀. Ìyá àgbà pọn àkọ́bí mi kó tó filẹ̀ bora.

Ẹ̀yin ọmọ, àyà mi kì í balẹ̀ lórí yín, nítorí náà ẹ gbọ́: ewé lè ran oògùn lọ́wọ́, kò lè dípò rẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Ìgbà tí mo wá ń kọ́ ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀kan lára àwọn oògùn tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.