Fọ́tò fún Ẹ́ńbásì

"Ẹ súnmọ́ ọn, Ìyá Hàlímọ̀tù. Ìyàwó kì í jìnnà sọ́kọ báyẹn."

Onífọ́tò ló ń pàṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Jójú. Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé èjìká wẹ́dà, ajórinmọ́rin tó jókòó síwájú rẹ̀. Ẹni tó ń fojú kojú iná láàárín àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò Ṣàngó látàárọ̀ dalẹ́, ó wá ń sá fún ojú kámẹ́rà.

Alájọgbélé rẹ̀ lásán ni obìnrin yìí. Wẹ́dà ló sọ fún un pé òun fẹ́ lọ gba físà ìgbafẹ́ ní ẹ́ńbásì kan ní Kútọnu, pé wọn kì í fún ẹni tí kò láya, tí kò lọ́mọ tó máa torí wọn padà wálé. Àánú ṣe é. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dání.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rẹ́rìn-ín. Àbí bàbá yín kọ́ nìyẹn?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Iná kámẹ́rà kọ mànà, ó parí, wọ́n sáré jáde.

Ìyá wọn dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n fún yín, ọ̀gá wẹ́dà. Ìgbà wo lẹ ń lọ Kútọnu?"

"Láìpẹ́."

Ó lọ. Onífọ́tò yíjú padà. "Kékeré ni kí n tẹ̀, àbí?"

"Ńlá ni. Kí o bá mi fi férémù sí i."

"Ọ̀gá, ẹ́ńbásì ò ní gba férémù."

"Mo mọ̀. Mo ti kan ìṣó sógiri, ní ọ̀kánkán ibùsùn mi. Ṣé mo lè rí i gbé lọ sílé kílẹ̀ tó ṣú?"