Wọn Ò Ní Ká Má Bá A Wí

Ilé wa ni ìbò mú lọ́sẹ̀ yìí. Gbádébọ̀, ọmọ tó ń gbá iwájú fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Ìkirè, jókòó sórí àga mi, òun àti aṣojú rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọjú sí wọn. Òfin ní ilé olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti dúnàádúrà lórí ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù, àmọ́ onílé ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́," ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀bẹ̀ lára àjà bá han gooro.

Aṣojú náà ní ẹgbẹ́ kan lórí òṣùpá ti ń retí Gbádébọ̀. "Tó bá fò sókè níbẹ̀, ó lè sùn kó tó balẹ̀."

Akọ̀wé wa ń nu òógùn. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Gbádébọ̀! Ìwọ tó o gbá pẹnáritì Sátidé sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, òṣùpá lo fẹ́ lọ? Ta ni yóò máa bá ọ wá bọ́ọ̀lù?"

Gbogbo wa wo àjà. Ẹ̀rọ ò dún. Háà! Mo bá tú gbogbo tinú mi jáde, títí kan ọ̀rọ̀ irun orí rẹ̀.

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo mọ́ mi lẹ́yìn gólì, mà? Wọ́n ní inú gíláàsì lòǹwòran ń jókòó sí lórí òṣùpá, mi ò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo máa dúró, tí ẹ bá ṣáà ti ń wá."

Ó tọwọ́ bọ̀wé. Ọkọ mi bẹ́ sí ijó.

"Ó dáa," ni mo wí. "Padà jókòó. A ò tíì dé orí gólì tó o sọ nù lóṣù tó kọjá."