Pátákó Owó Onígun Méje

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa owó o. Bó bá ti wọlé ló ń jáde, a kì í dúró kíra wa. Ohun tójú rí náà ni mo fẹ́ sọ.

Ìjọba ló ṣàdédé rọ owó onígun méje. Ó wúwo, ó rí rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń lu àpò ṣòkòtò jò. Tìkanra-tìkanra ni wọ́n ń ná an, títí di ọjọ́ tí Baba Ọlọ́dà, tó ń kọ pátákó fáwọn onísọ́ọ̀bù, gbé ọ̀kan síwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí aráyé lè rí bí ọwọ́ òun ṣe gún tó: A KÌ Í GBA OWÓ ONÍGUN MÉJE NÍBÍ.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni oníbúrẹ́dì ní kó kọ irú ẹ̀ fóun. Alápatà rí ti oníbúrẹ́dì, ó ní wọn ò ní sọ òun di ààtàn. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé e. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, pátákó ti dé ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Béèyàn bá bi wọ́n pé ta ló fòfin de owó náà, kálukú á nàka sílé kejì.

Baba Ọlọ́dà máa ń kẹ́dùn. "Ẹ máa kó o wá, méjì lọ́nà ọ̀kan: ẹ kó iye méjì wá, kí n fún yín ní iye kan ní owó bébà. Màá yọ́ ọ fi rọ kọ́kọ́rọ́." Wọ́n ń kó o wá, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti yíjú. Lọ́jọ́ Ajé tó bá kẹ́yìn oṣù, á wọ aṣọ funfun, á gbé àpò lọ sí fèrèsé onírin kan lẹ́yìn báńkì, níbi tí wọ́n ti ń gba owó onígun méje lọ́jọ́ yẹn nìkan, ní iye tó wà lára rẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó rí kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Agbálẹ̀ ń gbá ilé iṣẹ́ mẹ́rin láàárọ̀, báńkì wà lára wọn, ó sì ń nu irin fèrèsé wọn. Owó onígun méje ni wọ́n ń kó fún un, torí ẹni tí kò lè kọ̀ là ń fún lóhun tá ò fẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yege ìdánwò ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Bí kò bá sanwó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ wo garawa owó tí ìyá náà gbé dé, ó na gègé sí pátákó.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé garawa náà tọ Baba Ọlọ́dà lọ.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀la ni gbèdéke."

"Méjì lọ́nà ọ̀kan ni o, ìyá wa."

"Ṣé ìkà lẹ fẹ́ ṣe ni? Ẹ jẹ́ ó jẹ́ mẹ́ta lọ́nà méjì."

Baba Ọlọ́dà tọwọ́ bọ garawa, ọwọ́ náà ò kan ìsàlẹ̀. Ó wọlé, ó kó gbogbo owó bébà tó ní jáde, títí kan owó ilé.

"Ó ku nǹkan kan," ni ìyá náà wí. "Níbì kan tí mo ti ń gbálẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn gba pátákó yẹn wá. Ńlá ni wọ́n fẹ́. Kó ti wà lókè kí ọjọ́ Ajé tó mọ́."

Baba Ọlọ́dà ò bi í pé níbo. Ó ti kọ ọ́ débi pé ó lè kọ ọ́ lójú oorun. Nírọ̀lẹ́, ìyá náà gbé e rù.

"Ọlọ́run á san án fún yín, Bàbá, bó ṣe tọ́ sí yín gẹ́lẹ́."

"Àmín o, ìyá wa."

Ọmọ wọlé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì. "Ó mà ṣe o," ni oníbúrẹ́dì wí, "wọ́n ti rẹ́ ìyá olóòótọ́ jẹ."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù, Baba Ọlọ́dà wọ aṣọ funfun, ó háyà ọmọlanke, ó ti garawa dé ẹ̀yìn báńkì, ó sì ń kan fèrèsé tí wọ́n tì pa títí aṣọ́nà fi jáde, tó wò ó, tó wo garawa, tó wá gbójú sókè wo pátákó ńlá tí òórùn ọ̀dà rẹ̀ ò tíì lọ, tí lẹ́tà rẹ̀ gún régé, ó ní: "Bàbá, ẹ ò mọ̀wé kà ni?"